TÍṢÀ GBÉ ỌKÀN MÀLÚÙ WỌ KÍLÁÀSÌ: Ohun tó yẹ kí n ti sọ fún ìyá mi kí rọpárọsẹ̀ tó kọlù ú

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín. Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó múra bíi tíṣà, tó gbé báàgì ìwé kọ́ apá, tó wá ń dúnàádúrà odidi ọkàn màlúù nídìí àtẹ alápatà ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e o, ẹ jẹ́ kí gbogbo páìpù orí rẹ̀ wà níbẹ̀," kí lẹ máa rò?

Ohun tí ẹ rò yẹn náà ni alápatà rò. Ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn, lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ló ṣe. Alápatà wo obìnrin náà láti òkè délẹ̀, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fi sè ni, àbí nǹkan mìíràn?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó ní, "Oògùn ni mo fẹ́ fi ṣe lóòótọ́. Oògùn àìmọ̀kan. Tíṣà bàyọ́lọ́jì ni mí. Àwọn ọmọ yín ni mo fẹ́ gbé e lọ fi hàn."

Ni ojú alápatà bá yí padà. Ó ní òun náà ní ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì. Ó dín owó ẹran náà kù, ó dì í sínú ọ̀rá méjì kí ẹ̀jẹ̀ má baà ta sí obìnrin náà láṣọ. Èmi bẹ tíṣà pé kó jẹ́ kí n tẹ̀lé òun. Ó gbà, àmọ́ ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ilé-ìwé náà. Mo ṣèlérí, mi ò sì ní yẹ̀ ẹ́.

ÌYÁ MI ÀTI NÓÒTÙ MI

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi tẹ̀lé e. Ní ọdún 2017 ni mo jáde sẹ́kọ́ńdírì. Mo ṣe ìdánwò WAEC, mo sì yege bàyọ́lọ́jì. Kì í ṣe pé ó yé mi o, mo há a sórí ni. Èdè òyìnbó inú ìwé náà, mo lè kà á lálàpọ́n láìmí. Mo lè ya àwòrán ọkàn ènìyàn, kí n fi bírò pupa kun apá kan, kí n fi búlúù kun apá kejì. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: títí mo fi jáde, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ búlúù wà lára ènìyàn lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nítorí kí ojú lè tètè rí ìyàtọ̀ ni wọ́n ṣe ń kùn ún bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Pupa ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Èyí tó ń ti ara bọ̀ kàn ṣú díẹ̀ ni.

Ata ni ìyá mi ń tà. Ní ọdún 2019, àwọn nọ́ọ̀sì wá sí ọjà wọn, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n so nǹkan mọ́ ìyá mi lápá, wọ́n ní 180 lórí 110 ni. Ó lọ sí ọsibítù, dókítà kọ oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́ fún un. Oṣù kan ló lò ó. Nígbà tó tán, ó ní, "Kò síbi tó ń dùn mí. Kí ni mo tún ń náwó lé lórí?" Èmi ọmọ rẹ̀ tó yege bàyọ́lọ́jì jókòó síbẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀bà. Mi ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ wà nínú nóòtù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, àmọ́ èdè ìdánwò ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí mo lè yọ síta fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 2021, lọ́jọ́ ọjà kan, abọ́ ata bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò gbéra. Ó fẹ́ pe aládùúgbò rẹ̀, ẹnu ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run yọ ọ́, ó wà láàyè, ó ń rìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi ń ka ata títí dòní.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ojúmìító ló gbé mi tẹ̀lé tíṣà tó ra ọkàn màlúù.

ILÉ PẸTẸ́Ẹ̀SÌ ONÍYÀRÁ MẸ́RIN

Ó lé ní àádọ́ta ọmọ nínú kíláàsì SS2 náà. Bí tíṣà ṣe tú ọ̀rá, àwọn kan di imú, àwọn kan gun orí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ọkàn náà sínú tíréè. Kó tó mú ọ̀bẹ, ó bu omi sínú páìpù ńlá tó ti apá òsì rẹ̀ jáde. Omi dúró síbẹ̀, kò wọlé. "Ẹ wò ó," ó ní, "ìlẹ̀kùn wà nínú ibí yìí. Ó gbà kí ẹ̀jẹ̀ jáde, kò gbà kó padà. Ariwo gbì-gbì, gbì-gbì tí ẹ ń gbọ́ láyà, irú ìlẹ̀kùn báyìí ló ń pa dé."

Lẹ́yìn náà ló là á. "Ilé pẹtẹ́ẹ̀sì ni. Yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ògiri kan pín in sí ọ̀tún àti òsì, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í gba inú ògiri yẹn kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ káàkiri ara, ọ̀tún ló ń wọ̀. Ọ̀tún á tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó lọ gba atẹ́gùn tútù. Láti ẹ̀dọ̀fóró, á padà sí òsì. Òsì á wá tì í lọ sí gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀."

Ó ní kí ọmọkùnrin kan fi ìka wọn ògiri àwọn yàrá ìsàlẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ma, ti òsì nípọn ju ti ọ̀tún lọ!"

"Kí ló fà á?"

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ló dáhùn: "Ti ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń lọ, ìtòsí ni. Ti òsì ló ń rìn jìnnà."

"Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Alábàárù tó ń gbé ẹrù kọjá títì àti èyí tó ń gbé e yí gbogbo ọjà ká, iṣan ara wọn kò lè dọ́gba."

Ó wá ṣàlàyé iṣan. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, iṣan àlọ. Èyí tó ń gbé e padà bọ̀, iṣan àbọ̀. Ó ní ibi tí àwọn tó ń há ìwé sórí ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó gba atẹ́gùn tútù nìkan ló ń gba iṣan àlọ. Irọ́ ni. Iṣan tó ti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ tí atẹ́gùn rẹ̀ ti dín kù ló gbé, síbẹ̀ iṣan àlọ ni, nítorí ó ń kúrò lọ́kàn. "Mọ́tò tó bá ń kúrò ní gáréèjì," ó ní, "ìbáà kún, ìbáà ṣófo, àlọ ló ń lọ."

ÈÉSÚ NI Ẹ̀JẸ̀ Ń DÁ

Ibi tí mo ti gbádùn ọ̀rọ̀ jù ni ìtàn dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Harvey, tó tẹ ìwé jáde lórí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1628. Kó tó dìgbà yẹn, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn oníṣègùn òyìnbó fi gbà pé ẹ̀dọ̀ ló ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, tí ara á sì lò ó gbẹ bí ilẹ̀ ṣe ń fa omi mu. Harvey kò jiyàn púpọ̀. Ìṣirò ló ṣe, irú èyí tí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà ń ṣe lórí ahọ́n.

Tíṣà fi ẹfun kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pẹ̀lú iye tí a mọ̀ lóde òní. Lẹ́ẹ̀kan tí ọkàn àgbàlagbà bá lù, nǹkan bíi 70 mìlílítà ẹ̀jẹ̀ ló ń tì jáde. Bó bá lù nígbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, 4,900 mìlílítà nìyẹn. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 5 sókè. "Ìṣẹ́jú kan, kẹ́ẹ̀gì kan. Wákàtí kan, 60 kẹ́ẹ̀gì. Àmọ́ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì kan yìí lọ. Ta ló jẹ iyán tó lè di 60 kẹ́ẹ̀gì ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kan?"

Ọmọkùnrin kan fò sókè: "Ma, èésú ni! Owó kan náà ló ń yí kiri! Ìyá mi ni olórí èésú wọn lọ́jà!"

Gbogbo kíláàsì hó yèè. Tíṣà ní kó wá kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ṣe ń yí kẹ́ẹ̀gì kan náà kiri, nǹkan bíi ìgbà 100,000 ló ń lù lójúmọ́, kò sì gba ìsinmi Sọ́ńdè rí látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù nínú oyún.

PÁÌPÙ KÌ Í KÉ

Ó wá dé orí ohun tó gbé mi wá. Tíṣà ní, "Bí ọkàn ṣe ń ti ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ti ògiri iṣan. Agbára ìtì yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀n. Nọ́ńbà tó wà lókè ni ti ìgbà tí ọkàn fún ara rẹ̀ pọ̀, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tó sinmi díẹ̀. 120 lórí 80 dára. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tó dúró sí 140 lórí 90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru."

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nígbà ọlidé nawọ́. Ó ní, "Ma, ó jọ ọọ̀sì rédíétọ̀. Bí títì omi inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́tò á ṣì máa sáré dáadáa. Ọjọ́ tó bá bẹ́ ni wọ́n tó ń mọ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi. Páìpù kì í ké. Iṣan inú ọpọlọ kì í ké. Ọjọ́ tó bá bẹ́, tàbí tí nǹkan bá dí i, nígbà náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á kọ iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò fi gbọ́dọ̀ dúró de ìrora kó tó lo oògùn. Oògùn náà kò wo ìrora sàn, títì yẹn ló ń dín kù. Bó bá fi í sílẹ̀ láìbi dókítà, títì yẹn á padà."

Mo fi bírò sílẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìbéèrè tí ìyá mi béèrè ní ọdún 2019 nìyẹn, èsì rẹ̀ sì nìyẹn, ọmọ mẹkáníìkì ló sì fi Yorùbá la ọ̀nà rẹ̀.

GBÚRE, IGI OKO ÀTI ẸSẸ̀ ADÌẸ

Kì í ṣe ẹran nìkan ni tíṣà yìí ń rà lọ́jà. Ó mú gbúre tó ti rẹ gbòǹgbò rẹ̀ sínú omi tó bu yíǹkì pupa sí láti àárọ̀. Nígbà tó fi ọ̀bẹ gé igi gbúre náà ní ìbú, ẹ ó rí àwọn àmì pupa kéékèèké nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí omi ń gbà gun òkè láti inú ilẹ̀ nìyẹn. Ewé ló sì ń fà á: oòrùn ń gba omi lára ewé, omi mìíràn á sì máa tẹ̀lé e láti ìsàlẹ̀. Ó fi ọ̀rá di ẹ̀ka igi kan níta, kí a tó jáde, omi ti sẹ̀ sínú ọ̀rá náà.

Oúnjẹ tí ewé sè ńkọ́? Inú èèpo ló ń gbà. Àwọn bàbá wa àgbẹ̀ mọ èyí. Bí wọ́n bá fẹ́ pa igi ńlá lóko láìgé e lulẹ̀, wọ́n á bó èèpo rẹ̀ yíká. Omi á ṣì máa gòkè, ewé á ṣì tutù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò ní dé gbòǹgbò mọ́. Gbòǹgbò á kú, igi á tẹ̀lé e.

Lórí bí ẹran ara ṣe ń rìn, ẹsẹ̀ adìẹ ló yọ síta. Ta ni nínú yín tí kò fi ṣeré rí lọ́mọdé, tí ẹ bá fa okùn funfun inú rẹ̀, tí ọmọ ìka adìẹ á ká kò bí ẹni pé ó wà láàyè? Okùn yẹn ló so ẹran mọ́ eegun. Ẹran ara kò lè ti nǹkan, fífà nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ méjì méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, bí àwọn méjì tó ń fi ayùn ọlọ́wọ́ méjì la igi: bí èyí bá fà, ìyẹn á dẹwọ́. Ẹran iwájú apá ló ń ká a, ti ẹ̀yìn ló ń nà án.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ TÓ YÀTỌ̀

Mo bi í pé ṣé kò bẹ̀rù pé wọ́n á ní ó ń fi Yorùbá ba òyìnbó àwọn ọmọ jẹ́. Ó rán mi létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ilé-Ifẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún odidi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn lóyìnbó lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́, ńṣe ni wọ́n tayọ wọn. "Mo mọ̀ pé òyìnbó ni wọ́n á fi dáhùn ní WAEC," tíṣà ní, "mo sì ń kọ́ wọn ní orúkọ òyìnbó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yé wọn ná. Ẹni tí nǹkan yé, kò ní ṣòro fún un láti sọ ọ́ lédè méjì."

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó fún wọn ni pé kí olúkúlùkù lọ sọ ẹ̀kọ́ náà fún ẹnì kan nílé tí kò ka bàyọ́lọ́jì rí, kó sì mú ìbéèrè kan tí ẹni náà bi í padà wá. Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì láti gbọ́ ọ.

Ìyá kan tó ń rán aṣọ béèrè pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ òun ń wú lálẹ́. Tíṣà ní ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀, òkè ló fẹ́ gùn. Ẹran iwọ́ ẹsẹ̀ ló ń bá a fún iṣan àbọ̀ pọ̀ nígbà tí a bá ń rìn, àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú iṣan náà kì í sì í jẹ́ kó padà. Ẹni tó bá jókòó látàárọ̀ dalẹ́ ti fún ẹran yẹn nísinmi, ẹ̀jẹ̀ á sì máa fà lẹ́sẹ̀. Kí ìyá máa dìde, kó rìn díẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ sókè bó bá délé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó sì ń dùn ún, tàbí tí wíwú náà kò lọ, ọsibítù ni kó gbà lọ.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀fọ́ fi ń rọ lọ́wọ́ òun bó ti wù kí òun wọ́n omi sí i tó. Èsì: nínú oòrùn, omi tó ń kúrò lára ewé ti pọ̀ ju èyí tó ń wọlé. Ìbòòji àti àpò tútù ló ń gba ẹ̀fọ́ là ju omi wíwọ́n lásán lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ bá ìyá mi nílé. Mo jókòó tì í, mo ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tèmi náà, bó tilẹ̀ pẹ́. Mo sọ ti ilé pẹtẹ́ẹ̀sì, mo sọ ti èésú, mo sọ ti páìpù tí kì í ké. Ìyá mi fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí itan, ó tẹ́tí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ṣé ohun tó wà nínú ìwé tí mo ń fi owó ata san nìyẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ó ní, "Ó mà yé ènìyàn o. Kí ló wá dé tí o kò sọ ọ́ nígbà náà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Oògùn rẹ̀ ti aláalẹ́ ni mo bá a bu omi sí.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nílé tiyín. Bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, ẹ má bi í ní ipò kẹta tàbí ìkẹrin nìkan. Ẹ ní kó jókòó, kó fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ohun tó kọ́ lónìí. Bí kò bá lè sọ ọ́, kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó padà lọ bi tíṣà. Ẹ̀yin alápatà, bí tíṣà bá wá dúnàádúrà ọkàn ẹran, ẹ ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin púlọ́ńbà, ẹ̀yin ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ń bẹ lọ́wọ́ yín tí kò sí nínú ìwé, ẹ má fi du ọmọ. Ẹni tí wọn kò bá sì tíì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí, kó má dúró de ọjọ́ tí nǹkan á dùn ún.

Ẹ kọ̀wé sí ojú ìwé lẹ́tà wa, kí ẹ sọ fún wa: kí ni ọmọ yín sọ nígbà tí ẹ bi í?